Odídẹrẹ́ Tí Ìyá Àgbà Gbọ́

Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, tèmi ni. Ti òsì, ti Ìyá àgbà ni, ó tóbi jù mí lọ, ó ń lu ilẹ̀ pà-pà-pà bí mo ṣe ń sáré, mi ò sì dúró kí n bọ́ ọ. Kámẹ́rà wà lábẹ́ aṣọ mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ẹyin. Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún díẹ̀, omi òjò ọ̀sán ṣì wà nínú gbogbo kòtò, mo sì ń bẹ́ lu gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ń yan ẹja ní ìkóríta fi Faransé bi mí pé ta ló ń lé mi. Yorùbá ni mo fi dá wọn lóhùn, mi ò tiẹ̀ mọ̀: "Ó pupa, mà. Ó pupa." Láti ẹ̀yìn, láti ọgbà káfíńtà, mò ń gbọ́ ohùn Ìyá àgbà: "Àṣàkẹ́, ṣé èmi lo fi sílẹ̀ sáàárín èérún pákó báyìí?" Kí Ọlọ́run foríjì mí, mi ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ṣọ́ọ̀bù Pápá ni mò ń lọ, mo sì fẹ́ débẹ̀ kí bátìrì kámẹ́rà yẹn tó kú. Lójú tèmi nígbà yẹn, tí bátìrì bá kú, fótò inú ẹ̀ á bá a kú, tí fótò bá sì kú, ọ̀túnla ni wọ́n máa gbé Ìyá àgbà wọ bàálù lọ sí Ìsẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni, Atong Abè la sì ń gbé, níbí ní Libreville, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tó fẹ̀yìn ti ọgbà Bàbá Sàká, káfíńtà tó jẹ́ Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Benin. Páànù lásán ló pààlà láàárín wa. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ayùn Bàbá Sàká la máa kọ́kọ́ gbọ́, wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀-wọ̀ọ̀, lẹ́yìn náà odó Màmá, lẹ́yìn náà Pápá tó ń fọ ẹnu lẹ́yìnkùlé bí ẹni ń bá ẹnu ara ẹ̀ jà. Pápá ní ṣọ́ọ̀bù fótò lójú títì. Àwọn tó ń wá ìwé ìgbélùú tí a ń pè ní kaatì séjúù, àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò, àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò, gbogbo wọn ló ń wá jókòó sórí àpótí níwájú aṣọ funfun tí Pápá ta sára ògiri. Àtàárọ̀ dalẹ́, ohun kan náà là ń gbọ́ lẹ́nu Pápá: "Bújẹ́ pà." Má mira. Kí ẹnu wà ní pípadé, kí etí méjèèjì hàn, kí eyín má yọ síta. Àwa ọmọ ti gbọ́ ọ débi pé ewúrẹ́ pàápàá la máa ń sọ ọ́ fún. Lójú Pápá, kò sí ẹlẹ́rìí tó tó fótò láyé yìí. "Ohun tí kámẹ́rà bá rí nìjọba ń gbà," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn, tí wọ́n bá sì ti wí i, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá àgbà ló bí Pápá. Wọ́n wá láti Ìsẹ́yìn wá wẹ àbúrò mi nígbà tí Màmá bí i, wọ́n ní oṣù mẹ́ta péré làwọn máa lò. Àbúrò mi ti ń sáré kiri, ó ti ń fi Faransé bú wa, Ìyá àgbà ṣì wà. Èmi àti wọn la jọ ń sùn. Òórùn òrí ni mo máa ń fi mọ̀ pé wọ́n ti dìde, wọ́n á fi pa orúnkún, wọ́n á fi èyí tó kù lọ́wọ́ pa mí lórí. Tí Pápá bá fẹ́ jáde lówùúrọ̀, wọ́n á ṣàdúrà fún wọn láti orí ibùsùn, láìdìde: "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Mùfútáù, o ò ní kú sóko ìwájẹ." Pápá á ní àmín, wọ́n á wọ bàtà. Lẹ́yìn náà ni èmi àti Ìyá àgbà á wá jókòó ti búrẹ́dì àti atángà, èso kan báyìí tó dúdú bí aró, tí wọ́n ń rẹ sínú omi gbígbóná. Kò sí ìgbà tí Ìyá àgbà jẹ ẹ́ tí wọn ò fajú ro. "Ó ń kan bí ẹni tí wọ́n ò pè síbi ìkómọ," wọ́n á wí, wọ́n á sì tún mú òmíràn.

Iṣẹ́ tèmi nírọ̀lẹ́ ni kẹ́tù àlùwàlá. Mo máa pọn omi kún kẹ́tù mẹ́rin, mo máa tò wọ́n sẹ́bàá ògiri kí oòrùn tó wọ̀. Gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀, omi á máa dún, a ń fọ ojú, à ń fọ ẹsẹ̀, olúkúlùkù dorí kodò. Ìyá àgbà nìkan ló máa ń tètè ṣe tiwọn. Wọ́n á ti jókòó sórí àga nítorí orúnkún, wọ́n á gbé orí sókè bí ẹni ń gbọ́ rédíò. "Ẹ ò gbọ́ ọ? Odídẹrẹ́ ti ń relé." Nígbà tí a bá fi máa nu omi kúrò lójú, kò sí nǹkan kan lókè mọ́ àfi ìkùukùu àti wáyà iná. Màmá á ní, "Ìyá, Libreville lẹ wà o. Ta ló máa fi odídẹrẹ́ sílẹ̀ kó máa fò kiri?" Odídẹrẹ́ kan ṣoṣo tí àwa mọ̀, inú àgò ló wà níwájú ilé olówó kan, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa bú àlejò. Ìyá àgbà ò ní bínú. "Ẹni tó dojú kọlẹ̀ kì í rí ohun tó ń kọjá lókè," wọ́n á wí, wọ́n á sì gbé tẹ̀sùbáà wọn.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ mọ ni, ẹ̀rín la ò bá fi parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà fi iyọ̀ sí tíì, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi orúkọ Màmá pè mí. Lọ́jọ́ kan, Pápá gbé kóòtù kọ́ sára dúrọ́ọ̀mù omi. Ìyá àgbà ń kọjá lọ, wọ́n dúró, wọ́n kí dúrọ́ọ̀mù pé, "Bàbá Sàká, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ ńkọ́?" Wọ́n tiẹ̀ dúró pé kó dáhùn. Èmi àti Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Pápá ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ń bá ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Orí Ìyá ti ń dàrú, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí kò sí. Ó yẹ kí wọ́n wà nílé, láàárín èèyàn wọn." Nígbà tí a ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní mànìọ́kì àti ẹja yíyan, Pápá sọ ọ́ jáde fún Ìyá àgbà fúnra wọn. "Ẹ máa lọ sinmi nílé díẹ̀, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ." Ìyá àgbà yọ egungun ẹja kúrò lẹ́nu. "Ìwọ lo wá jẹun lóko, Mùfútáù. Èmi, ọmọ mi ni mo wá wò." Kò sẹ́ni tó lè jẹun mọ́. Síbẹ̀ Pápá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kó aṣọ Ìyá àgbà sínú báàgì aláwọ̀ ìlà, wọ́n wá gé ọ̀kan nínú fótò pélébé ti ìwé ìrìnnà tí wọ́n yà fún wọn, wọ́n fi táápù lẹ̀ ẹ́ mọ́ báàgì náà, kó má baà sọnù, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo arìnrìn-àjò tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ ni ojú Ìyá àgbà ṣe ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ẹnu pípadé, etí méjèèjì síta.

Mo wá rò ó pé, tí kámẹ́rà bá rí odídẹrẹ́, Pápá á gbà. Mo sì ní kámẹ́rà. Ẹ má rò pé nǹkan ńlá ni o. Èyí tí Pápá ti lò gbó ni. Ilẹ̀kùn bátìrì ẹ̀ ti kán, rọ́bà ni mo fi ń dì í, gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ ti sán, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ kó fa ohun tó jìnnà mọ́ra, á máa dún bí ẹ̀fọn. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, mo fi kẹ́tù sílẹ̀, mo wo òkè. Wọ́n kọjá lóòótọ́. Ẹyẹ mẹ́rin, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń yára fi ìyẹ́ gbá atẹ́gùn. Mo tẹ̀ ẹ́, iná kámẹ́rà bù yẹ̀rì, nígbà tí mo wò ó, yẹ̀rì Màmá lórí okùn aṣọ ló hàn kedere bí ọ̀sán, ojú ọ̀run dúdú kirikiri. Ìrọ̀lẹ́ kejì, mo pa iná ẹ̀. Kámẹ́rà mira lọ́wọ́ mi, àmì dúdú kan péré ló hàn. Mo gbé ohun tí mo rí fún Pápá.

"Kí nìyí?"

"Odídẹrẹ́ ni, Pápá."

"Àdán nìyí. Tàbí kó jẹ́ eṣinṣin ló bà lé gíláàsì."

"Pápá, mo fi ojú mi rí i."

"Ojú ẹ̀ dà? Àṣàkẹ́, tí mo bá gbé irú èyí fún àwọn tó ń ṣe kaatì séjúù, wọ́n á ti èmi pẹ̀lú ẹ mọ́lé." Wọ́n da kámẹ́rà padà fún mi, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni wọ́n, wọn ò lè rí fótò burúkú kí wọ́n má tún un ṣe. "Gbé kámẹ́rà lé nǹkan tí kì í mira. Mí sínú, dá a dúró, kí o tó tẹ̀ ẹ́. Odídẹrẹ́ tí mi ò bá sì rí ìrù pupa ẹ̀, mi ò rí odídẹrẹ́."

Ìyá àgbà ló gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní ẹyẹ tó ń fò lọ kì í dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ibi tó ti ń jẹun ni kí n lọ dè é. "Ẹyìn ni oúnjẹ odídẹrẹ́. Ọ̀pẹ tó wà lọ́gbà Bàbá Sàká, ṣé ó ti pọ́n?" Mo lọ wò ó. Ọ̀pẹ kékeré kan ni lẹ́yìn òkìtì pákó, ẹyìn ẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná, ìdajì ti di jíjẹ, èèpo ẹ̀ kún ìdí ẹ̀. Bàbá Sàká rò pé òkété ni. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa ń wà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, wọn ò bá odídẹrẹ́ níbẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Àṣìṣe tí mo wá ṣe nìyí, mi ò sì rò pé ọmọ ẹlòmíràn lè ṣe irú ẹ̀ láyé. Ọmọ oní-fótò ni mí, mi ò tíì rí fótò kan tí wọ́n gbà láìsí aṣọ funfun lẹ́yìn ẹ̀. Mo yọ́ mú aṣọ funfun Pápá tó wà ní ìpamọ́, mo gun àkàsọ̀ Bàbá Sàká, mo ta aṣọ náà sáàárín imọ̀ ọ̀pẹ, mo na ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa kó má ká. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá àgbà tí mo ti mú wá síbẹ̀, mò ń dúró kí oníbàárà dé. Odídẹrẹ́ méjì yọ. Wọ́n rí aṣọ, wọ́n pariwo bí ẹni rí ọlọ́pàá, wọ́n yí padà.

"Kí ló lé wọn?" Ìyá àgbà bi mí. Mo ṣàlàyé. Bàbá Sàká tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ gbọ́ àlàyé ọ̀hún, wọ́n jókòó sórí pákó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. "Yéyé, ọmọ yín fẹ́ ya fótò kaatì séjúù fún odídẹrẹ́."

"Ṣé àwọn ló nílò ẹ̀?" Ìyá àgbà dáhùn. "Àwọn ló nilẹ̀. Àwa là ń wá ìwé."

Mo ká aṣọ kúrò kíákíá, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko, wọn ò wá. Ìyá àgbà ní òkè réré ni wọ́n ń gbà kọjá. Pápá ti fi táápù di ẹnu báàgì. Ó wá ku ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ yẹn, òjò rọ̀ láti ọ̀sán, ó dá nígbà tí iléèwé ti tú. Oòrùn wá yọ lábẹ́ ìkùukùu láti ìhà òkun, ó tàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́, gbogbo páànù Atong Abè pọ́n bí epo. Mo gbé àga Ìyá àgbà lọ síwájú òkìtì pákó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ga tó kí n gbé kámẹ́rà lé, mo bá dúró lẹ́yìn wọn, mo gbé e lé èjìká wọn. "Ìyá àgbà, ẹ bújẹ́ pà o." Wọ́n ní, "Mo ti di òkúta." Wọ́n bọ́ bàtà kí ó má dún, èmi náà bọ́ tèmi. A dúró. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Wọ́n ti ń bọ̀. Méjì ni. Wọ́n ti dé òkè ilé oníbúrẹ́dì. Ọ̀kan ti bà. Má tíì tẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń wò kiri. Jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun." Mo gbọ́ kẹ́, kẹ́, bó ṣe ń fọ́ ẹyìn. "Ó yá." Mo mí sínú. Lábẹ́ ọwọ́ mi, èjìká Ìyá àgbà náà dúró, àwọn náà ti dá èémí dúró. Odídẹrẹ́ yẹn dorí kodò lára ìdì ẹyìn, ìrù ẹ̀ là sínú oòrùn, ó pọ́n, ó pọ́n, mo tẹ̀ ẹ́. Mo wo gíláàsì tó sán yẹn. Mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tó sún mọ́ mi jù, mo sá.

Ọkùnrin ńlá kan tó de táì ló jókòó níwájú aṣọ funfun nígbà tí mo já wọ ṣọ́ọ̀bù. Pápá ń sọ pé bújẹ́ pà. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ mi, ó rí bàtà méjì tí wọn ò bára wọn tan, ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ẹ̀ wọ inú fótò. "Àṣàkẹ́, kí ló dé?" Mo na kámẹ́rà sí wọn. Pápá ti gíláàsì ojú wọn sókè. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tóbi. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà dìde, ó yọjú láti ẹ̀yìn wọn, ó fi Faransé sọ pé odídẹrẹ́ nìyẹn, bí ẹni rí adìyẹ. Ó ní ibi tí wọ́n bí òun sí nínú ìlú yìí, wọ́n máa ń kọjá nírọ̀lẹ́, ìyá òun ló máa ń fi wọ́n mọ̀ pé ó yá kí àwọn ọmọ wọlé. Gbogbo ọdún tí Pápá ti ń ya fótò irú ọkùnrin yìí, wọn ò bi ẹnì kan léèrè rí. "Ìkó odídẹ ni," Pápá wí, jẹ́jẹ́. Wọ́n bá gbé ojú sókè. "Ìyá mi dà?"

"Mo fi wọ́n sílẹ̀ nídìí ọ̀pẹ."

Pápá fi oníbàárà sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò rí kí Pápá sáré rí, àfi ọjọ́ yẹn. Ìyá àgbà ṣì jókòó bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, bàtà lẹ́sẹ̀ kan. Pápá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún pákó, kò ju apá méjì lọ sí ibi tí Ìyá àgbà wà. Ìyá àgbà na ọrùn. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá. Mùfútáù." Pápá gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n na kámẹ́rà sí ìyá wọn. "Ẹ wò ó." Ìyá àgbà gbà á, wọ́n gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n yí i po. "Ṣé ó pupa?" wọ́n bi mí.

"Ìyá, ẹ ò rí i ni?" Pápá bi wọ́n. "Láti ìgbà wo?"

Ìyá àgbà gbé kámẹ́rà lé itan. "Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dà bí ẹni ta aṣọ funfun síwájú mi. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa dá mi padà sílé."

Pápá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló ń tò lójú wọn bó ṣe ń tò lójú tèmi náà: iyọ̀ inú tíì, dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n kí, orúkọ Màmá tí wọ́n fi pè mí. "Ojú ni," Pápá ń sọ fún ara wọn. "Ojú ni, kì í ṣe orí. Ìyá, ibí la ti máa tọ́jú ẹ̀. Àárọ̀ ọ̀la ni mo máa dá tíkẹ́ẹ̀tì padà."

"Dìde ná," Ìyá àgbà wí. "Èérún pákó ò dáa fáṣọ, ìyàwó ẹ ló ń fọ̀ ọ́."

Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n wà ní yàrá kejì, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́. Dókítà ti ká aṣọ funfun yẹn kúrò lójú wọn láti ọdún náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí fótò ọ̀hún kedere, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ìjọba ò ní gbà á." Fótò náà ò sì dáa lóòótọ́, ó ṣókùnkùn lápá kan, imọ̀ ọ̀pẹ bo ìyẹ́ ẹyẹ. Mo ti ya èyí tó dáa jù ú lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mi ò tíì ya èyí tí mo gbé lé èjìká tó tún dá èémí dúró fún mi.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo ya fótò yẹn ni mo fẹ́ sọ. Mo jí kí ayùn Bàbá Sàká tó dún. Mo lọ sídìí báàgì, mo já táápù, mo tú u. Mo kó ìró Ìyá àgbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n kọ́ padà sórí ìṣó ti olúkúlùkù, mo gbé agolo òrí padà sábẹ́ ibùsùn. Mo ṣí fótò wọn kúrò lára báàgì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá wa. Ẹ̀rọ Pápá kì í tẹ̀ ju fótò pélébé lọ, mẹ́jọ mẹ́jọ lórí bébà kan, bẹ́ẹ̀ ni odídẹrẹ́ mẹ́jọ ṣe wà lórí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́ àná. Mo gé ọ̀kan, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ìyá àgbà jí. Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí ìró wọn máa ń wà, wọ́n bá a níbẹ̀, ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀ díẹ̀. "Ta ló tú ẹrù mi?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà."

"O ṣeun. Bàtà mi ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

Mo mú un wá láti ẹnu ọ̀nà, ẹrẹ̀ àná ti gbẹ mọ́ ọn. Mo gbọ̀n ọ́n nù, mo kúnlẹ̀, mo wọ̀ ọ́ fún wọn.